Ọ̀fun Ń Dun Ìyá Gàníyù

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, Fàrídà, tí mo lè gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó kan àtàrí… òkè náà ní irun lórí nígbà yẹn. Wò ó láti ojú fèrèsé. Wò ó dáadáa. Ṣé kò dà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá?

Ṣé nǹkan yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó ti ń gbà á. Ó dáa. O ní ilé ìwé yín ló ní kí ẹ lọ bi àwọn àgbà bí òkè ṣe rí láyé àtijọ́. Wọ́n ṣeun. Ì bá dára ká ní wọ́n ti béèrè nígbà tí òkè ṣì wà níbẹ̀. Màá rọra sọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú rédíò fún ọ, torí bí mo bá fi ẹnu Ìgbómìnà gidi bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ ọmọ Èkó, o ò ní í gbọ́ ju "ẹ kú" lọ. Ìyá bàbá rẹ ni mí, mi ò fẹ́ kí o lọ gba òdo nítorí mi.

Gbọ́. Ara òkè yẹn ni omi Àbùmu ti ń sun. Kì í ṣe odò ńlá o. Ìsun ni, láàárín àpáta méjì. Ẹ̀rùn ì báà mú kí ilẹ̀ la ẹnu, Àbùmu ń sun. Àwọn ará Ìjàrà mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ìsánlú mọ̀ ọ́n. Bí kànga wọn bá gbẹ, wọ́n á gbé agbè wá, a ó ní kí wọ́n pọn. Ta ló ń ta omi nígbà yẹn? Ẹni tó bá ní òun ń ta omi, a ó ní kí wọ́n gbé e lọ tọ́jú orí rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Inú ọ̀rá ni omi wà. Eyín ni wọ́n fi ń já a, bí ìgbà tí ajá bá ń já egungun.

Igi emi ló yí ìsun náà ká. O mọ emi? Igi òrí ni. Òrí tí ìyá rẹ ń rà nínú ike kékeré, tí wọ́n kọ òyìnbó sí lára, tó ní awọ òun ń dán… ìdí igi yẹn la ti ń ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ mi, Àwẹ̀ró, kí Ọlọ́run foríjì í, ó máa ń sọ pé, "Emi ló di omi lọ́wọ́ mú. Ẹ gé emi, ẹ ó rí i bí omi ṣe ń sá lọ." Àwẹ̀ró kò mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀wé wá láìpẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n ń fojú sí i fún odindi ọjọ́ kan, wọ́n ní igi ló ń di omi mú. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó dé.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ sílẹ̀ rèé. Ọ̀nà iná.

O mọ̀ pé nígbà ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ máa ń dáná sun koríko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ọ̀yà lè jáde. Kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n má ṣe é, ẹran ni gbogbo ayé fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n iná kì í gbọ́ "dúró níbẹ̀." Bó bá ti rí òkè, ó fẹ́ gùn ún. Nítorí náà, bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé, gbogbo ìlú á jáde. A ó ro ilẹ̀ yí òkè ká. Fífẹ̀ rẹ̀, màlúù mẹ́rin lè dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, láti òkúta báyìí dé òkúta báyìí. Ọkùnrin á ro, obìnrin á gbá ewé gbígbẹ kúrò. Bí iná bá wá dé ibẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ? Erùpẹ̀? Ó kú nìyẹn.

Òfin kejì, ẹnì kan kì í gé igi tútù lórí òkè. Igi tó bá ti gbẹ fúnra rẹ̀, tìrẹ ni, gbé e lọ dáná. Òfin méjì péré. Lónìí, ìwé òfin tí wọ́n kó wá fún Baálẹ̀ nípa òkè yìí, ó nípọn tó bíríkì. Òun ni Baálẹ̀ fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a dé.

O ní ta ló ń mú ẹni tó bá rú òfin? Ọlọ́pàá dà? Kò sí ọlọ́pàá. A kì í mú adìẹ rẹ. A kì í pè ọ́ lẹ́jọ́. Àwa obìnrin ni a ń bọ̀ wá kí ọ. Bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, a ó tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ, ẹni kan á máa lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Kì í ṣe èébú o! Kíkí ni. Báyìí ni:

Iná ń bọ̀ lókè o…
Ẹ kú ilé!
Ará iwájú ti ro tirẹ̀ o…
Ẹ kú ilé!
Omi ń gbẹ lápáta o…
Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ilé!

Ha! O ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwọ ló wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Làmídì aránṣọ wà nínú yàrá. Ọkùnrin gìrìwò. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun ò lè wá sí ọ̀nà iná. A dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a kí i. A kí ẹ̀yìn rẹ̀. A kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ o, kí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà má lọ máa ro ó. Àwọn ọmọdé ti gbé orin náà lọ sí kànga, wọ́n gbé e dé oko. Ìyàwó rẹ̀ ní kò lè jẹun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́ dáadáa, Làmídì ti wà lórí òkè, ó ro tirẹ̀, ó ro ti àǹtí rẹ̀ tó ti kú mọ́ ọn. Ẹ̀yìn kò ro ó mọ́. Ìtìjú ni oògùn ẹ̀yìn ríro láyé ìgbà náà. Ìtìjú dà lónìí? Mo rò pé wọ́n ti kó o lọ sí Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ wa.

Èmi ni mo ń lé orin náà. Àwẹ̀ró ló gbé e fún mi nígbà tí ohùn rẹ̀ ti ń já. Ó pè mí sídìí ààrò, ó ní, "Ràfátù, ẹnu rẹ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu tó mú, tí kò lè gé nǹkan nílé ara rẹ̀, kí olúwa rẹ̀ kúkú máa fi jẹ iṣu." Mo ní mo gbọ́, Ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba ènìyàn níyànjú lásán ni.

Jẹ́ kí n mu omi.

…Omi ọ̀rá. Ẹ wo ìyà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Òkè. Má fojú pamọ́, mo mọ̀ pé bàbá rẹ ni alága. Gàníyù mi ni alága! Aṣọ funfun, fìlà, dígí dúdú. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń wá gbin igi? Ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ìparí ọdún. Nínú ọyẹ́! Fàrídà, nínú ọyẹ́ tó ń fẹ́ yìí, tó ń la ètè mi yìí. Ta ní ń gbin igi nínú ọyẹ́? Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ ebè iṣu rí. Ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ nígbà ìsinmi wọn, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Òjò ló jẹ̀bi.

Wọ́n á kó àwọn igi kéékèèké wá nínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n á ti gbẹ́ ihò sílẹ̀. Ẹni ńlá kọ̀ọ̀kan á ju igi tirẹ̀ sínú ihò, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á kan pátákó kékeré mọ́ ọn: igi lágbájá rèé. Kí wọ́n tó padà dé Èkó, ewúrẹ́ ti kí igi náà. Èyí tí ewúrẹ́ bá gbàgbé, oòrùn á rántí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dé. Inú ihò àná náà ni. Pátákó àná ṣì wà níbẹ̀. Igi ti kú, orúkọ ń bẹ láàyè. Bí o bá dé ibẹ̀ báyìí, o ó rò pé itẹ́ òkú ni.

Àti ẹran tí wọ́n ń sun lọ́jọ́ náà, o mọ ohun tí wọ́n fi ń sun ún? Èédú. Ẹ gbà mí o! Èédú òkè yìí kan náà. Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń jẹ ẹran tí wọ́n fi èédú sun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìpalára tí èédú ń ṣe. Mo jẹ nínú ẹran náà o. Mi ò ní í parọ́. Ó dùn.

A máa ń sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá nìkan ni àwọn ń pa. Ọ̀nà iná ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń ro ó. Lọ́dọọdún, iná ń gun òkè bí ẹni ń lọ sílé àna rẹ̀. Bí òjò bá wá dé, kò sí ohun tó máa dá omi dúró. Òkúta á máa yí bọ̀, erùpẹ̀ á máa bọ̀, ebè iṣu mi tó wà lẹ́yìnkùlé ti lọ bá odò ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ògiri mọ́sálásí wa wó lápá kan. Òjò tán, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbẹ́ sẹ́nu ọjà ń tú afẹ́fẹ́ nìkan. Àbùmu fúnra rẹ̀… àárọ̀ kan, mo gbé ike kékeré síbẹ̀, mo ka tẹ̀sùbáà mi yíká, mo tún kà á yíká, ike kò kún. Omi tí kì í gbẹ nínú ẹ̀rùn! Mo sunkún. Mi ò ní í tijú rẹ̀, mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún bí ọmọdé.

Igi emi mẹ́ta ló kù lórí ìsun náà. Mẹ́ta péré.

Ìwọ náà wà nílé lánàá nígbà tí akọ̀wé wọn wá sọ fún mi. Ó ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́dún yìí, wọn ò lè fi bàtà wọn gun òkè. Ó ní àwọn máa la ọ̀nà kí mọ́tò lè gbé wọn débi ìsun, kí wọ́n lè gbin igi síbẹ̀. Mo ní ọ̀nà yẹn á gba ibo? Ó ní ibi àwọn igi ògbólógbòó mẹ́ta yẹn. Ó ní àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgégi ń bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní ẹ fẹ́ gé igi kí ẹ lè ráyè gbin igi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, alága ti fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀ títí, mo rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

O ń wo ilẹ̀, Fàrídà. O rò pé bàbá rẹ ni mo fẹ́ bú. Dúró, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ara mi ni mo fẹ́ bú.

Gbọ́. Nígbà tí bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ọ́, ó ní òun ò ṣe oko. Ó rí i pé àwọn ọlọ́kọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán ń ra èédú lọ sí Ìlọrin. Ó lọ sí ẹ̀yìn òkè, ó ń to igi jọ, á fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó, á dáná sí i nísàlẹ̀, á máa jó díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ní, "Gàníyù, òfin òkè ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, igi gbígbẹ nìkan ni mò ń mú. Igi gbígbẹ kò ní òfin." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ẹnu tèmi ló jogún.

Ọjọ́ kan ni mo lọ ṣa èso emi lẹ́yìn òkè. Mo rí igi kan, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ yíká ìdí, bí ìgbà tí a bá bó ìdí ìrèké. Mo rí òmíràn. Mo rí òmíràn. Ọmọ mi ló ń bó wọn sílẹ̀. Bó bá ti bó o báyìí, igi náà á rọra gbẹ lórí ìdúró, ó wá di igi gbígbẹ. Kò rú òfin o! Ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ó pa igi láìgé e.

Mo rí i, mo sì dákẹ́. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Èédú yẹn ló ra páànù tó wà lórí wa yìí. Inú ilé amọ̀ ni mo ti ń sùn tẹ́lẹ̀, òjò ń jò sí mi lára. Ọmọ mi ní, "Ìyá, ẹ ó sùn nínú ilé bíríkì." Mo wọ inú ilé bíríkì, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ, mo ṣàdúrà fún un. Èédú náà ló gbé e dé Èkó. Ilé ìwé tó ní kí o wá bi mí ní ìbéèrè yìí, ìdí èédú náà ni owó tí bàbá rẹ fi ń san án ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ ọ̀nà iná pé. Gbogbo ilé jáde. Apá tiwa nìkan ni koríko wà. Gàníyù wà lẹ́yìn òkè, ó ní òun ò lè fi èédú òun sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, iná bọ́ nínú èédú náà, ó mú koríko, ó wá gba apá tiwa tí a ò ro wọ orí òkè. Ó jó fún ọjọ́ mẹ́ta. A ń gbọ́ bí àwọn emi ṣe ń bẹ́. Àwẹ̀ró ti kú nígbà yẹn, mo dúpẹ́ pé kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

Nígbà tí iná kú, àwọn obìnrin pé jọ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tò. Ẹnu ọ̀nà wo ni wọ́n tò sí? Ẹnu ọ̀nà tèmi. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Èmi ló ń lé orin, wọn ò lè gbè é kí n tó lé e. Bàbá rẹ wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Wọ́n dúró… wọ́n dúró. Mo fi ọwọ́ di ọrùn mú. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ọ̀fun ń dùn mí."

Wọ́n yípadà, wọ́n ń lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣáà sọ ọ́ bó ṣe ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn: "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Ó rọra sọ ọ́ ni.

Lọ́dún kejì, ilé méjì kò wá ro ọ̀nà iná. A ní kí ló dé? Wọ́n ní ọ̀fun ń dun Ìyá Gàníyù. Lọ́dún kẹta, ilé bíi mẹ́wàá. Ọ̀fun ń dun Ìyá Gàníyù. Bí ẹnì kan bá wo ohun tó ń bàjẹ́ tó sì dákẹ́, ohun tí wọ́n ń wí nílùú yìí títí di òní nìyẹn. Àwọn ọmọdé ń sọ ọ́, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé èmi ni. Ọ̀nà iná kú. Orin kú. Kò sẹ́ni tó pa á ju ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Fàrídà. Mo jókòó sọ́jà gan-an ni. Ó dùn mí dé egungun.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà. Ìgbìmọ̀, akọ̀wé, pátákó, ewúrẹ́. Ẹnu mi ò sinmi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò tíì kí.

Ó yá, gbọ́ ohun tí a máa ṣe. Mo ti ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó mi lọ sídìí emi àárín lọ́la, kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán. Okùn kan wà tí mo máa fi di orúnkún mi, màá gùn ún díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n á bá mi níbẹ̀. Bàbá rẹ náà á dé, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fi ọ̀nà han mọ́tò. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ lé orin náà sí. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n orin yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí mo bá ń dá lé e, tí mo tún ń dá gbè é, wọ́n á ní arúgbó ń ṣarán, wọ́n á gbé mi tàpótí-tàpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo àwọn tó ń gbè é fún mi ti wà nílẹ̀, níbi itẹ́ òkú. Ìwọ nìkan ni mo rí.

Kí lo wí?

…Ẹ̀rù bàbá rẹ ń bà ọ́. Mo mọ̀. O ní òun ló ń tọ́ ọ. O ní kò ní í dùn mọ́ ọn. Ọmọ mi, èmi náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mo wí lọ́jọ́ kìíní. Gbogbo ohun tí o wí yìí ni mo wí nínú ọkàn mi kí n tó fi ọwọ́ di ọrùn mú. Mo ti fi òkè yẹn hàn ọ́ láti ojú fèrèsé. Ohun tí ẹ̀rù yẹn fún wa jẹ nìyẹn.

Mi ò ní í fi ipá mú ọ. Ṣùgbọ́n fi nǹkan yẹn sílẹ̀ kó máa gba ohùn, má pa á. Mò ń lé e báyìí, kí n mọ̀ bóyá ọ̀fun mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Iná ń bọ̀ lókè o…

Iná ń bọ̀ lókè o, Gàníyù…

Fàrídà. Ṣé ọ̀fun ń dun ìwọ náà ni?